Kò Sí Àyè fún "Bíi" Nínú Fọ́ọ̀mù: Èrò Àwa Òǹwòran lórí Mandabi

Bàbá kan gba lẹ́tà láti Paris. Ìwé owó bá lẹ́tà náà wá, 25,000 fráǹkì. Orúkọ bàbá ló wà lórí ẹ̀, owó kò sọnù, àwọn ará ilé ìfìwéránṣẹ́ pàápàá kò jiyàn pé owó wà lọ́wọ́ àwọn. Síbẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù títí dé ìparí, bàbá yìí kò gba ẹyọ fráǹkì kan lójú fèrèsé tí wọ́n ti ń san owó náà.

Gbogbo ìtàn Mandabi nìyẹn. Ousmane Sembène, ọmọ ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gàl, ló ṣe é, ó sì jáde ní 1968. Inú ìwé tí òun fúnra rẹ̀ kọ, Le Mandat, tó jáde ní 1966, ló ti yọ ọ́. Lọ́dún tó jáde yẹn náà ló gba ẹ̀bùn pàtàkì àwọn adájọ́ níbi àjọ̀dún fíìmù ti Venice, ní Ítálì. Wọ́n máa ń kà á mọ́ àwọn fíìmù gígùn àkọ́kọ́ tó fi èdè ilẹ̀ Áfíríkà sọ̀rọ̀ ní ìhà ọ̀dọ̀ wa níbí. Ní 2021, wọ́n tún gbé e jáde lẹ́yìn tí wọ́n ti tún àwòrán rẹ̀ ṣe, ìyẹn ló jẹ́ kó bọ́ sọ́wọ́ irú àwa yìí, tí a kò tíì sí láyé nígbà tí wọ́n ń yà á.

Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn dẹ́rù bà yín o. Kì í ṣe irú fíìmù tí èèyàn ń fi tipátipá wò kó lè sọ pé òun wò ó. Àwàdà ni. Àwa tí a jọ máa ń wo fíìmù ní Ìkòtún, tí èyí tó pọ̀ nínú wa ń kọ kóòdù jẹun, wò ó tán, àríyànjiyàn tó tẹ̀ lé e sì pẹ́ ju fíìmù fúnra rẹ̀ lọ. Èrò mẹ́ta ló jáde. Àwọn kan ní òmùgọ̀ ni bàbá náà, ohun tó tọ́ sí i ló rí. Àwọn kan ní ìjọba ló jẹ̀bi. Àwọn kan ní ìtàn àtijọ́ ni, pé kọ̀ǹpútà ti yanjú irú ìyà bẹ́ẹ̀. A fẹ́ gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹ̀ wò níbí, nítorí òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹ̀kẹta ló kan àwa gan-an.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ìtàn náà fún ẹni tí kò tíì wò ó. Ibrahima Dieng ni bàbá náà ń jẹ́, Makhourédia Guèye ló sì ṣeré rẹ̀. Ìyàwó méjì ló ní, Méty àti Aram, pẹ̀lú ọmọ méje. Ó ti pẹ́ tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ẹ bá rí bó ṣe ń rìn, ẹ ó rò pé òun ló ni Dakar. Abdou, ọmọ arábìnrin rẹ̀, tó ń gbálẹ̀ títì ní Paris, ló fi owó náà ránṣẹ́, ó sì ti pín in sínú lẹ́tà: 2,000 fún Ibrahima, 3,000 fún ìyá Abdou, kí Ibrahima wá bá òun tọ́jú 20,000 tó kù. Ẹ ṣe ìṣirò yẹn dáadáa. Nínú 25,000 tí gbogbo àdúgbò ń tìtorí ẹ̀ kí i ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá, 2,000 péré ni tirẹ̀.

Ilé ìfìwéránṣẹ́ ní kó mú káàdì ìdánimọ̀ wá. Kò ní. Ó lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá láti ṣe é, wọ́n ní kó mú ìwé ẹ̀rí ìbí, fọ́tò àti sítáǹbù wá. Ó lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba ìwé ẹ̀rí ìbí, wọ́n ní ọjọ́ wo ni wọ́n bí i. Ó lọ ya fọ́tò, onífọ́tò gbowó, fọ́tò kò jáde. Nígbà tó bèèrè owó rẹ̀, ìjà dé, ọmọ iṣẹ́ onífọ́tò fi ẹ̀ṣẹ́ bẹ́ ẹ̀jẹ̀ nímú rẹ̀. Lójú títì, obìnrin kan tó múra dáadáa tọrọ owó ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní òun fẹ́ padà sílé, bàbá sì fún un. Nígbà tó ṣe, wọ́n tún pàdé. Obìnrin kan náà, ẹ̀bẹ̀ kan náà. Ẹni tó bá ti dúró ní ibùdókọ̀ Ìkòtún nírọ̀lẹ́ rí kò nílò ìtumọ̀ ibẹ̀ yẹn. Nílé, àwọn aládùúgbò ti gbọ́ pé owó dé, wọ́n ń wá yá. Mbarka oníṣọ́ọ̀bù ń kọ gbèsè mọ́ gbèsè. Ìyá Abdou dé, ó ń bèèrè 3,000 tirẹ̀. Níkẹyìn, Mbaye, mọ̀lẹ́bí kan tó kàwé, tó wọ kóòtù, tó ń wa mọ́tò, ní kí bàbá fọwọ́ síwèé kí òun bá a gba owó ọ̀hún. Ó gbà á lóòótọ́. Ó wá ní àwọn jàgùdà ti yọ ọ́ lápò òun. Ó gbé àpò ìrẹsì kan lé bàbá lọ́wọ́ pé kó máa gbé e lọ sílé.

Ó yá, èrò kìíní: òmùgọ̀ ni, ó tọ́ sí i.

Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò parọ́ mọ́ fíìmù náà. Sembène fúnra rẹ̀ ló kó ẹ̀rí lé e lọ́wọ́. Níbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, Ibrahima jókòó níta lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, wọ́n fá orí rẹ̀, abẹ sì wọ ihò imú rẹ̀ lọ bá irun tó wà níbẹ̀. Bàbá jókòó gẹlẹtẹ bí ọba. Ó délé, oúnjẹ wà ńlẹ̀. Àwọn ìyàwó ti lọ ra ìrẹsì láwìn lọ́dọ̀ Mbarka nítorí owó tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò tíì sọ fún un pé owó kankan dé. Ó jẹun, ó yó, ó gùnfẹ̀, wọ́n wọ́ ọ lẹ́sẹ̀, ó sùn. Ìgbà tó jí ni wọ́n tó sọ fún un. Ẹ rí i bí àwàdà yẹn ṣe mú tó? Bàbá ti ń jẹ owó náà kó tó gbọ́ pé owó wà.

Ẹ tún wo aṣọ rẹ̀. Agbádá ńlá ni Ibrahima ń wọ̀ jáde. Á ṣẹ́ ẹ sórí èjìká, á jábọ́, á tún ṣẹ́ ẹ. A ti bá irú aṣọ tó ń pani lẹ́rìn-ín pàdé tẹ́lẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa. Moses Ọláìyá, Baba Sala, fi aago ńlá kọ́ àyà, ó sì gbé awò ràgàjì sójú. Aṣọ Baba Sala ń sọ fún wa pé: ẹ máa rẹ́rìn-ín. Aṣọ Ibrahima ń sọ fún wa pé: ẹ bọ̀wọ̀ fún mi, àgbà ni mí. Nígbà tí agbádá yẹn bá wá dúró níwájú fèrèsé ọ́fíìsì, tí akọ̀wé kò tiẹ̀ gbójú sókè wò ó, ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti ń jáde. Ẹ̀rín ẹni tó rò pé iyì òun yóò ṣí ilẹ̀kùn ni.

Ẹnìkan nínú wa, obìnrin, ní ohun tó pa òun lẹ́rìn-ín jù ni pé ìyàwó méjèèjì ló ń ṣe ìjọba ilé yẹn. Wọ́n ń ra àwìn, wọ́n ń lé àwọn onígbèsè àti àwọn tó fẹ́ yáwó, wọ́n mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n sọ̀rọ̀ àti ìgbà tó yẹ kí wọ́n pa á mọ́ra. Ó ní orúkọ bàbá kàn wà lórí ìwé ni. A fara mọ́ ọn. Sembène kò bo ìyẹn mọ́lẹ̀: Ibrahima máa ń jágbe mọ́ wọn, ó máa ń pàṣẹ, àṣẹ tó ń pa yẹn sì kéré sí ọgbọ́n àwọn tó ń pa á fún.

Ṣùgbọ́n a bi àwọn tó ní "ó tọ́ sí i" ní ìbéèrè kan: níbo lẹ ti dákẹ́ ẹ̀rín? Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nínú yàrá yẹn nígbà tí imú bàbá ń ṣẹ̀jẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ìgbéraga rẹ̀ kò tíì dín kù, agbádá náà kò yí padà. Tó bá jẹ́ òótọ́ ni pé ìyà yẹn tọ́ sí i, ṣebí ibẹ̀ ló yẹ ká ti rẹ́rìn-ín jù. Àwọn àgbà ní bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín. Sembène yí i po: ó fi ẹ̀rín fà wá wọlé, ó jẹ́ ká dá bàbá lẹ́jọ́ tán, lẹ́yìn náà ló wá ń fi ìyà kún ìyà títí ìdájọ́ wa yóò fi dà bí àṣejù lójú àwa fúnra wa. Kò sọ pé Ibrahima kì í ṣe agbéraga. Ó kàn bi wá pé: iye wo ni ìgbéraga?

Èrò kejì: ìjọba ni.

Èyí náà rọrùn láti gbà, pàápàá fún ọmọ Nàìjíríà. Ẹ̀hìn òmìnira ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. 1960 ni Sẹ̀nẹ̀gàl gbòmìnira, ọdún kan náà pẹ̀lú wa. Àwọn tó jókòó lẹ́yìn fèrèsé gbogbo nínú fíìmù yìí, ọmọ ilẹ̀ ni wọ́n. Wọ́n ń sọ èdè Faransé sí bàbá tí kò gbọ́ ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àti àwọn àti òun, Wolof ni wọ́n fi fa ọmú ìyá wọn. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ dun ni.

Síbẹ̀, ẹ ka àwọn olè inú fíìmù náà. Akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́ kò jí kọ́bọ̀. Ọlọ́pàá tó bèèrè káàdì kò jí kọ́bọ̀. Wọ́n kàn sọ pé "kò ṣeé ṣe" ni. Àwọn tó jẹ owó bàbá ni onífọ́tò, obìnrin owó ọkọ̀, ọkùnrin kan ní báǹkì tó bá a pààrọ̀ ṣẹ́ẹ̀kì kékeré tí mọ̀lẹ́bí kan fún un, tó sì yọ ti ara rẹ̀ sílẹ̀, àti Mbaye tó gbá gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Gbogbo wọn ló wà láàrin fèrèsé kan sí èkejì. Níbi tí ìjọba bá ti tilẹ̀kùn, ibẹ̀ ni ẹni tó ń ta kọ́kọ́rọ́ ti ń jẹun. Ẹni tó bá fẹ́ bá ìjọba wí nìkan, á jẹ́ pé kò rí Mbaye. Ẹni tó bá fẹ́ bá Mbaye wí nìkan, á jẹ́ pé kò rí ilẹ̀kùn tó ń tì í lẹ́yìn.

Mbaye sì ni ẹni tó yẹ kó máa ba àwa lẹ́rù. Kì í ṣe ìpáǹle. Ó kàwé, ó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ fọ́ọ̀mù, ó mọ ìwé tó yẹ kéèyàn fọwọ́ sí, ó sì ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá àgbà sọ̀rọ̀. Ní gbogbo ìlú yẹn, òun ni ohun tí ọ́fíìsì ń fẹ́ yé jù. Ọmọ ilé ìwé ni. Irú wa ni.

Ìyẹn ló gbé wa dé èrò kẹta, èyí tí àwa akọ́kóòdù sọ jáde lẹ́nu ara wa: tó bá jẹ́ lóde òní ni, fíìmù yìí ì bá parí láàrin ìṣẹ́jú márùn-ún. Abdou á tẹ fóònù ní Paris, álẹ́ẹ̀tì á dún ní Dakar, bàbá á rìn lọ sọ́dọ̀ oní-POS. Ó tán.

Lóòótọ́, ìrìn àjò owó ti yá. Ṣùgbọ́n ẹ padà lọ wo ibi tí fíìmù náà ti há gan-an. Kò há sójú ọ̀nà láti Paris sí Dakar. Owó ti dé ní tirẹ̀. Ó há síbi tí akọ̀wé ti ń bèèrè ọjọ́ ìbí. Ibrahima mọ ọdún rẹ̀: bíi 1900. Akọ̀wé ní ọjọ́ wo, oṣù wo? Kò mọ̀ ọ́n. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún sì dópin síbẹ̀.

Kí ni "bíi" yẹn jẹ́? Lójú akọ̀wé, àìmọ̀ ni. Lójú wa, òótọ́ tó kù tí bàbá lè sọ ni. Ẹ lọ bi àwọn àgbà ní Ìgándò tàbí Ẹgbẹ́dá léèrè. Ẹnìkan á ní ọdún tí ogun Hitler bẹ̀rẹ̀. Ẹnìkan á ní nígbà tí Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní 1955, òun ti tó ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá kan etí òsì, ni wọ́n bá kọ orúkọ òun sílé ìwé. Ìṣirò gidi ni gbogbo ìyẹn. Èèyàn lè fi mọ ẹni tó ju ẹnìkan lọ, kó sì fi mọ ẹni tó máa kọ́kọ́ kí ẹnìkejì. Ohun tí kò lè ṣe ni kó wọ inú àpótí kékeré tí wọ́n kọ ọjọ́, oṣù, ọdún sí.

Àwa la sì ń ya àpótí yẹn. Ẹni tó bá ti kọ fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ rí mọ̀ pé ibi tí wọ́n ń tọ́jú ọjọ́ sí nínú kọ̀ǹpútà kò gba "bíi". Ó gba ọjọ́ kan pàtó tàbí kó dá fọ́ọ̀mù padà pẹ̀lú ìkọ̀wé pupa. Nítorí náà, kí ni àwọn àgbà wa ṣe? Ẹ wo iye wọn tí wọ́n bí ní January 1. Ìran kan odindi tí wọ́n jọ bí ní ọjọ́ ọdún tuntun! Ẹ̀rín pa wá nígbà tí ẹnìkan sọ ọ́, àwàdà Sembène gan-an sì nìyẹn: ẹ̀rọ kọ òótọ́ tí kò pé, ó wá gba irọ́ tó pé.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ilé. BVN bẹ̀rẹ̀ ní 2014. Ní December 2020, ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé kí gbogbo wa so NIN mọ́ nọ́ḿbà fóònù, ẹ rántí bí ìlà ṣe gùn nígbà yẹn, àárín Kòrónà. Ní December 2023, Báǹkì Àpapọ̀ tún pàṣẹ pé àkáǹtì ẹni tí kò bá ní BVN tàbí NIN, kí wọ́n fi ìdènà sí i: owó tó wà níbẹ̀ kò gbọdọ̀ jáde. Ẹ tún un kà. Owó wà níbẹ̀, orúkọ rẹ wà lórí ẹ̀, o kò lè fọwọ́ kàn án. Bí ẹnìkan bá sọ fún Sembène ní 1968 pé àṣẹ báǹkì kan yóò fi ìlà kan péré sọ ìtàn fíìmù rẹ̀, bóyá ni yóò gbà. Tí ọjọ́ ìbí tí wọ́n kọ mọ́ NIN bá sì yàtọ̀ sí ti ibòmíràn, àtúnṣe rẹ̀ lówó: 2025 ni owó náà di ₦28,574. Ọ̀rọ̀ orúkọ ńkọ́? Risikat lórí káàdì kan, Rasikatu lórí èkejì, ìyá kan náà, ìka ọwọ́ kan náà. Lábẹ́ agboòrùn tó yí àwọn ọ́fíìsì wọ̀nyí ká, ẹ ó rí àwọn ọ̀dọ́ tó ń bá àgbà kọ fọ́ọ̀mù gbowó. Olóòótọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n àga tí Mbaye jókòó lé ni àga wọn.

A kò sọ pé kí ìdánimọ̀ má sí o. Jìbìtì wà, a mọ̀ ọ́n, iṣẹ́ wa ni láti dènà rẹ̀. Ohun tí Mandabi jẹ́ ká rí ni èyí: kí ni wọ́n ń bèèrè káàdì fún? Kí ẹlòmíràn má baà gba owó bàbá. Ta ló gbà á níkẹyìn? Ẹlòmíràn, ìwé rẹ̀ sì pé. Ẹni tí káàdì yẹ kó dáàbò bò kò rí owó. Ẹni tó yẹ kó dí lọ́wọ́ ló kó o lọ. Ìdí nìyẹn tí a fi sọ pé èrò kẹta ló jìnnà sí òótọ́ jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Fọ́ọ̀mù tó yára kì í ṣe fọ́ọ̀mù tó mọ èèyàn. Tí a bá gbé fèrèsé akọ̀wé sínú fóònù, akọ̀wé ti lọ, fèrèsé ṣì wà níbẹ̀.

Ohun kan tún wà tó ń pa àwa ní Alímọ̀ṣọ́ lẹ́rìn-ín. Ìkànìyàn 2006 ka 1,277,714 èèyàn níbí, kò sì tíì sí ìkànìyàn mìíràn láti ìgbà náà. Tí ìjọba bá fẹ́ sọ iye wa lónìí, àfi kí wọ́n sọ "bíi". Ìjọba lè sọ "bíi" nípa wa, kí wọ́n sì fi ṣe ètò ìnáwó. Àwa nìkan la kò gbọdọ̀ sọ ọ́ nípa ara wa.

Ẹ jẹ́ ká sọ díẹ̀ nípa ìwé tó di fíìmù. Sembène ti ṣiṣẹ́ alágbàrù rí ní èbúté Marseille kó tó di òǹkọ̀wé, èdè Faransé ló sì ń fi kọ̀wé. Wàhálà ibẹ̀ hàn kedere: Ibrahima kò lè ka Le Mandat. Ìtàn rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n èdè fèrèsé ni wọ́n fi kọ ọ́. Ìdí pàtàkì tí Sembène fi lọ kọ́ṣẹ́ fíìmù ní Moscow nìyẹn, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò kàwé. Ó ya Mandabi lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan ní Faransé, ọ̀kan ní Wolof. Ti Wolof ni ayé ń wò báyìí. Àkọlé rẹ̀ gan-an sọ ìtàn náà: mandat jẹ́ Faransé fún ìwé owó, "bi" tí Wolof fi kún un ló túmọ̀ sí "náà". Ìwé owó náà. Bí àwa náà ṣe ń sọ pé "fọ́ọ̀mù náà": a ti fi aṣọ tiwa wọ ohun àlejò, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò sì sí lọ́wọ́ wa.

Ibì kan wà tí fíìmù ti gba ipò lọ́wọ́ ìwé pátápátá. Ibrahima gbé lẹ́tà Abdou fún akọ̀wé-gbowó kan kó bá a kà á. Bí ohùn ṣe ń ka lẹ́tà, à ń rí Abdou ní Paris, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń gbá títì. Ẹnu wa pa mọ́. Gbogbo ẹni tó ti ń sọ nínú yàrá pé "25,000 yẹn kékeré kọ́" wá rí ibi tí owó ti ń wá. Ìwé lè sọ fún ọ pé Abdou ń gbálẹ̀. Fíìmù jẹ́ kí o rí ìgbálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà tí o ń gbọ́ ìkíni rẹ̀ sí ará ilé.

Àwa Yorùbá ṣe oríire níbi ọ̀rọ̀ yìí. Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ Ó Le Kú ní Yorùbá, ó jáde ní 1974. Túndé Kèlání sọ ọ́ di fíìmù ní Yorùbá ní 1997. Ẹni tí ìtàn náà jẹ́ tirẹ̀ lè kà á, ó sì lè wò ó, kò sẹ́ni tó máa bá a túmọ̀ rẹ̀ gbowó. Sembène ní láti fo odò yẹn fúnra rẹ̀, láti èdè kan sí èkejì, láti ìwé sí àwòrán. Tí a bá mọ ìyẹn, a ó mọ iyì ohun tí a ní nílé, a ó sì yé fojú kéré rẹ̀.

Ẹ̀sùn kan ló kù tí a ní sí Mandabi, ìparí rẹ̀ ni. Lẹ́yìn tí Mbaye ti ṣe é báṣubàṣu, Ibrahima jókòó síwájú ilé, ó ń pín ìrẹsì fún àwọn aládùúgbò. Ó ní láti ìsinsìnyí lọ, òun náà á di ẹranko tó ń jẹni, torí ìwà òótọ́ ti di ẹ̀ṣẹ̀ nílùú. Akólẹ́tà wá dá a lóhùn pé a máa yí ìlú padà, gbogbo wa, àti òun, àti àwọn ìyàwó rẹ̀, àti àwọn ọmọ rẹ̀. Àwọn kan nínú wa ní ìwàásù nìyẹn, pé fíìmù tó ti fọkàn tán wa fún bíi wákàtí kan àtààbọ̀ pé a ó gbọ́n, ló wá ń là á yé wa bí ọmọdé. A gbà pẹ̀lú wọn dé ìdajì. Ọ̀rọ̀ náà tààrà jù fún fíìmù tó mọ̀ ọ́n pọ́n tó báyìí.

Ìdajì kejì nìyí: ẹ wo ẹni tó sọ ọ́. Nínú gbogbo òṣìṣẹ́ tó wà nínú fíìmù yẹn, akólẹ́tà nìkan ni kò jókòó lẹ́yìn fèrèsé. Òun ló ń rìn wá sílé, òun ló mọ orúkọ àwọn ìyàwó, òun ló mọ ẹni tí Ibrahima jẹ́ láìbèèrè káàdì. Sembène kò fi ìrètí sẹ́nu olóṣèlú tàbí àlùfáà. Ẹnu ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ń gbé e dé ẹnu ọ̀nà àwọn èèyàn ló fi í sí. Fún àwa tí iṣẹ́ wa kì í jẹ́ ká rí ojú ẹni tí a ń ṣe é fún, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ wò ó, ẹ má dá a wò. Ẹ bá àgbà kan nínú ilé yín jókòó, kí ẹ máa bá wọn túmọ̀ ọ̀rọ̀ tó ń kọjá nísàlẹ̀ àwòrán. Ẹ fetí sí ibi tí ẹ̀rín wọn ti máa dúró. Tiwa dúró níbi tí imú bàbá ti ṣẹ̀jẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí tiwọn ti dúró ṣáájú, níbi tí akọ̀wé ti bèèrè pé: ọjọ́ wo, oṣù wo?